Òbúkọ ọdún tí mo rà ló pa ewúrẹ́ màámi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, torí bí mi ò bá jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ẹ́ sọ kò ní í yé yín dáadáa. Ewúrẹ́ mẹ́rìnlá ni màámi ní lójúde wọn nínú oṣù Kejìlá, ọdún 2022. Kí ọdún tuntun tó pé ọ̀sẹ̀ kan, méjì péré ló kù. Olè kọ́ ló jí wọn, Fúlàní kọ́ ló kó wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àjẹ́ ló pa wọ́n gẹ́gẹ́ báwọn kan ládùúgbò ṣe ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Èmi ọmọ wọn ni mo fọwọ́ ara mi fa ikú wọlé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, abúlé wa ò sì jìnnà sí Ọ̀yọ́. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti wálé gbẹ̀yìn, mo wá ní mi ò ní í délé lọ́wọ́ òfo lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tá a dé ọjà kan lójú ọ̀nà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ra òbúkọ kan tó ga, tó ní irùngbọ̀n bíi ti ààfáà àgbà. Imú ẹ̀ ń ṣomi díẹ̀díẹ̀. Mo rí i o, mi ò ní í parọ́ fún yín. Mo tiẹ̀ bi ọkùnrin tó ń tà á, ló bá ní ọyẹ́ ni, pé ṣé èmi náà kọ́ ni mò ń fi áńkáṣíìfù nu imú látìgbà tí mo ti dúró síwájú òun yẹn? Òótọ́ ló sọ, imú tèmi náà ń ṣomi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó, wọ́n bá mi jù ú sẹ́yìn mọ́tò.

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúde wa ni mo so ó mọ́, níbi táwọn ewúrẹ́ màámi ti máa ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ nínú abọ́ ńlá kan. Wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ mu, wọ́n jọ ń fimú kan ara wọn. Lọ́jọ́ Kérésì a pa á, a jẹ ẹ́, ẹran náà dùn, màámi sì gbàdúrà fún mi débi tí ojú fi ń tì mí. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ kùtù.

"Àkànní, dìde o. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wúkọ́."

Àwọn ewúrẹ́ ni wọ́n ń pè lọ́mọ. Nígbà tí mo máa fi jáde, mẹ́ta ti dúró síbì kan, wọ́n sorí kọ́, irun ara wọn dìde ṣíọ́ṣíọ́, ikun ti dí ihò imú wọn, ipin sì ti lẹ ojú wọn pọ̀. Ara wọn gbóná bí ìgbà téèyàn fọwọ́ kan ìkòkò. Kó tó dọ̀la, egbò ti bo ẹnu wọn, ẹnu ọ̀hún ń rùn, wọn ò lè jẹun mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru ló wá tẹ̀ lé e. Ọmọ ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ ń kú, lẹ́yìn náà ló kan àwọn olóyún, tí oyún á kọ́kọ́ bàjẹ́ lára wọn kí àwọn fúnra wọn tó kú. Màámi fi epo pupa sí wọn lẹ́nu, wọ́n se àgbo. Àbúrò mi sáré lọ ra kápúsù aláwọ̀ méjì tí gbogbo ayé ń lò fún gbogbo àìsàn, ó tú u sómi, ó rọ ọ́ sí wọn lọ́fun. Omi lásán ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé. Ẹnikẹ́ni ò pè é o, òun náà ló gbóòórùn ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ra ẹran tó bá ń kú lọ. Owó tó fẹ́ẹ́ san lórí ìyá ewúrẹ́ kan kò tó ìdá mẹ́rin owó ẹ̀ lọ́jà, màámi lé e, ó padà wá nírọ̀lẹ́, wọ́n tà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ asun lálẹ́ Fúráìdéè níwájú ilé ọtí, ẹ má bínú sí mi, mo kàn ń sọ ohun tójú mi rí ni. Wọ́n ṣáà ti sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àrùn yẹn kì í ran èèyàn.

Ẹni tí kò bá gbé lábúlé rí lè máa sọ pé kí ni ti ewúrẹ́ méjìlá, ẹran tí wọ́n ń pa níbi ìkómọ kan ṣoṣo. Báńkì tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ ni ewúrẹ́ fún ìyá bíi tèmi. Wọn ò ní owó ìfẹ̀yìntì, wọn ò ní àkáǹtì tó ní nǹkan gidi nínú. Bí ara bá ń ro wọ́n, wọ́n á ta ọ̀kan. Bí òjò bá ṣí páànù, wọ́n á ta méjì. Mẹ́fà nínú àwọn tó kú yẹn ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ pé àwọn máa tà lóṣù Kìíní fún owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn wọn tó wà nípele tó kẹ́yìn ní poly. Èmi ni mo wá lọ yá owó ọ̀hún ní kọ́pẹ́rátíìfù iléeṣẹ́ wa, ọdún kan àti oṣù méjì ni mo sì fi san án. Màámi ò bú mi. Ohun tí wọ́n ṣáà sọ ni pé, "Ìwọ náà ò mọ̀." Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Mo dé káńsù ìbílẹ̀ wa lọ́jọ́ kẹta, oṣù Kìíní. Ọ́fíìsì dókítà ẹran wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n kó àwọn katakata tó ti bàjẹ́ sí. Bàbá kan ni mo bá níbẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ìwé ìròyìn ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Mi ò tíì ṣàlàyé dé ìdajì tó fi kó o lẹ́nu mi.

"Àbúrò mi, káta ni. O ra ẹran lọ́jà, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"O sì so ó mọ́ àwọn tilé lójú ẹsẹ̀."

Orí mi wálẹ̀. Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín o, ó kàn ṣe pẹ̀lẹ́. Ó ní bí káta bá ti wọlé, kò sóògùn tó ń pa kòkòrò ẹ̀, ohun tí kápúsù lè ṣe kò ju kó bá wọn dín ìdààmú ẹ̀dọ̀fóró kù. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ Yorùbá tiwa yìí gan-an ló sì ń bá jà jù, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gíga ilẹ̀ Hausa máa ń rọ́gbọ́n dá sí i jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n bá sì gún ewúrẹ́, ó kéré tán, ọdún mẹ́ta ni káta ò ní í lè ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn ẹran tuntun téèyàn bá sì rà lọ́jà, kó yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fojú kan tilé.

Mo wá béèrè ohun tẹ́yin náà máa fẹ́ẹ́ béèrè. Bí abẹ́rẹ́ bá wà, kí ló dé tí wọn ò gún ewúrẹ́ màámi? Bàbá na ọwọ́ sí fíríìjì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n to fáìlì sínú ẹ̀. Ó ní ìyẹ̀fun ni oògùn yẹn nínú ìgò, ìgò kan sì wà fún ewúrẹ́ 50 tàbí 100. Inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà látibi tí wọ́n ti ṣe é títí dójú ewúrẹ́, bí wọ́n bá sì ti po omi mọ́ ọn, kò ju wákàtí kan sí méjì lọ tó fi máa bàjẹ́. Ta ló máa já ìgò ewúrẹ́ 100 torí mẹ́rìnlá? Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà nígbà tí òun wọ káńsù, òun nìkan ló kù. Kò sí alùpùpù, kò sí owó epo. Ó ní oṣooṣù lòun ṣì ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sókè, pé ẹran báyìí kú, ẹran báyìí kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn, ni mo bá ń wádìí kiri. Ohun tí mo wá rí ló bí mi nínú jù. Ní 1975, lára ewúrẹ́ kan ní Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti mú kòkòrò káta tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ tí ayé ń lò lónìí. Nílẹ̀ Faransé làwọn onímọ̀ kan tí Adama Diallo wà lára wọn ti rọ agbára ẹ̀ tó fi di oògùn, ọdún 1989 ni wọ́n gbé e jáde. Ẹ sì mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́? Nigeria 75/1. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé gbogbo àgbáyé títí dòní. Nígbà tí káta wọ orílẹ̀-èdè Morocco lọ́dún 2008, oògùn Nigeria 75/1 yìí nìjọba wọn gbé dání, ilé dé ilé, oko dé oko, ẹran tí wọ́n gún láàárín ọdún díẹ̀ lé ní 20 mílíọ̀nù. Àrùn náà dákẹ́, ọdún púpọ̀ kọjá kó tó tún yọjú ní 2015. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ látọdún 1924, ń ṣe oògùn yìí fúnra wọn. Ewúrẹ́ wa ló gba orí ewúrẹ́ ayé là, tiwa ń kú lábẹ́ igi máńgòrò.

Màámi ò tiẹ̀ yà lẹ́nu nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn rántí ìgbà kan, àbíkẹ́yìn ò tíì sí láyé, táwọn olùwádìí kan máa ń ti Ìbàdàn wá sáwọn abúlé tó wà lágbègbè Ọ̀yọ́, wọ́n á fi nǹkan sí ewúrẹ́ létí, wọ́n á gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á sì kọ́ àwọn èèyàn láti gbin àgúnmáníyè fún wọn jẹ. Mo wádìí ìyẹn náà, òótọ́ ni. Ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní ILCA ló ṣe é, láwọn ọdún 1980. Wọ́n ṣe é, ó dáa, owó ìwádìí tán, wọ́n lọ. Ìjọba tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ wọn ò sí nílé. Àsìkò yẹn náà kúkú ni SAP Babangida dé lọ́dún 1986, tí owó irú iṣẹ́ báyìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, ọdún 2024, pé ìjọba òun máa dá iléeṣẹ́ mínísítà tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, etí mi ló ga jù ní ọ́fíìsì wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bú. Wọ́n ní iléeṣẹ́ màlúù ni, pé RUGA tí Buhari gbé dé lọ́dún 2019, táráyé pariwo lé lórí títí wọ́n fi dá a dúró, ló tún gba ẹ̀yìn wọlé. Mi ò lè bá wọn wí. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ta sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ màlúù àti oko ò kéré, kì í sì í ṣe àwàdà làwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ń ṣe tí wọ́n fi ṣòfin lòdì sí fífi ẹran jẹ̀ kiri, tí Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkó fọwọ́ sí tiwọn lọ́dún 2021. Àmọ́ mo bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan. Ta ló sọ fún yín pé màlúù nìkan ló ń jẹ́ ẹran ọ̀sìn? Màlúù tó wà ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù, ewúrẹ́ lé ní 70 mílíọ̀nù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìjẹko, tí wọ́n ń ṣèpàdé lórí ẹ̀ l'Ábùjá, ṣé ẹ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ewúrẹ́ rí? Àwọn ìyá wa ló ni ewúrẹ́. Wọn ò lẹ́gbẹ́, wọn ò láàrẹ, wọn ò sì mọ ọ̀nà Ábùjá. Ìdí tí wọ́n fi gbàgbé wọn ò ju ìyẹn lọ lójú tèmi.

Mo mọ̀ pé àtúnṣe ṣeé ṣe, torí wọ́n ti ṣe é rí, níbí yìí náà. Àrùn kan wà tó máa ń pa màlúù, àwọn òyìnbó ń pè é ní rinderpest, ẹ̀gbọ́n ni fún káta, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lọ́dún 1962, Nàìjíríà, Niger, Chad àti Cameroon pawọ́ pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún màlúù lábẹ́rẹ́ láti agbègbè odò Chad, ọdún lẹ́yìn ọdún, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tó máa fi di àwọn ọdún 1970, àrùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba ní ó tó, wọ́n káwọ́ kúrò. Ní 1983 ó padà dé, màlúù tó pa ní Nàìjíríà nìkan jẹ́ ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. Ìgbà náà lojú ṣẹ̀ṣẹ̀ là, wọ́n tún gbé abẹ́rẹ́, 1987 la sì rí i gbẹ̀yìn lórílẹ̀-èdè yìí. Ní 2011 ni àjọ àgbáyé kéde pé ó ti tán pátápátá láyé, òun sì ni àrùn kejì tọ́mọ aráyé máa pa run, lẹ́yìn ṣànpọ̀nná. Kí ló pa á? Kì í ṣe iléeṣẹ́ aláràbarà. Ọkùnrin kan tó gbé kúlà oníyìnyín dání, tó ń ti gáà kan bọ́ sí òmíràn, tí ìjọba ń sanwó oṣù fún, ló pa á.

Wọ́n ti ní káta náà gbọ́dọ̀ tán láyé kó tó di ọdún 2030, Abidjan ni wọ́n ti fẹnu kò sí i ní 2015. Bánkì Àgbáyé ti yá Nàìjíríà ní 500 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń pè ní L-PRES, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nínú ẹ̀. Idi Mukhtar Maiha, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe mínísítà ẹran ọ̀sìn, búra wọlé lóṣù Kọkànlá, 2024. Owó wà, iléeṣẹ́ wà, oògùn wà. Èmi ò bá wọn jà. Ohun tí mo fẹ́ẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: nínú owó náà, èló ló máa dé orí bẹ́ǹṣì bàbá yẹn? Torí bí wọ́n bá kọ́ ilé alájà mẹ́wàá s'Ábùjá, tí fíríìjì káńsù wa ṣì jẹ́ àpótí fáìlì, màámi ò ní í mọ̀ pé ìjọba kan ṣe àtúnṣe kankan.

Mi ò wá dúró dè wọ́n. Lóṣù Kìíní, ọdún 2025, mo wálé, mo ní kí màámi bá mi pe àwọn ìyá adúgbò jọ. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgò ewúrẹ́ 100 fún wọn. Ìyá Ṣadé ní ṣé kì í ṣe pé mo fẹ́ẹ́ fi ewúrẹ́ wọn ṣe nǹkan mìíràn, torí ẹni tó kó àrùn wá nígbà ìjọ̀sí náà ló tún ń polówó oògùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn fúnra wọn ló ń ka ewúrẹ́ wọn wá fún mi, tí ewúrẹ́ òun àgùntàn fi pé 93. A dá owó jọ, mo fi díẹ̀ kún un, bàbá dókítà ẹran lọ gbé ìgò kan wá láti Ìbàdàn, ó sì gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ wa láago mẹ́fà àárọ̀, kúlà wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ẹ ò rí eré ọjọ́ náà. Òbúkọ Ìyá Ṣadé já okùn, ó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà òwúrọ̀, àlúfáà fúnra ẹ̀ ló gbá a mú. Bàbá ń pariwo pé ẹ yára, ẹ yára, oògùn ń gbóná. Wákàtí kan ó lé díẹ̀, ó ti parí. Àwọn méjì tó ye ikú lójúde màámi ló fi kẹ́yìn, ó ní káta ò lè mú wọn mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n màámi ní kó ṣáà gún wọn. Ó gún wọn. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, màámi sì fún un níṣu mẹ́ta.

Látìgbà yẹn káta ò wọ adúgbò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀ ò tíì gba tiwọn. Kí ọdún náà tó parí ni bàbá fẹ̀yìn tì. Ó pè mí lórí fóònù láti sọ fún mi, mo kí i kú oríire, mo wá béèrè ẹni tí wọ́n fi sípò ẹ̀ kí n lè gba nọ́ńbà onítọ̀hún. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní wọn ò tíì fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀, àti pé kúlà yẹn kì í ṣe ti ìjọba, òun ló fowó ara òun rà á. Ó ní bí mo bá rí ọmọ tó mọ iṣẹ́ náà, kí n jẹ́ kó wá gbé e.